Rub and Shine Láàfin: Ìtàn Àwọn Tó Bá Omi Jà

Nígbà tí mo wà ní 200 level, àwa mẹ́fà là ń gbé nínú yàrá kan tí wọ́n kọ́ fún ènìyàn mẹ́rin. Ọ̀kan nínú wa, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Ààrẹ, torí ipò tó ń dù nígbà náà nìyẹn, kò sì wọlé, kì í wẹ̀ tí ọyẹ́ bá ti dé. Kì í ṣe pé ojú ń tì í o. Ó ní àlàyé. Tí a bá gbé garawa ní aago márùn-ún ìdájí tí à ń lọ tò sídìí páǹpù, á fa aṣọ borí, á ní, "Ilẹ̀ kì í wẹ̀, òun la sì ń gbìn ín sí tó ń hù." Lọ́jọ́ kejì á ní ara tó bá ń rí omi lójoojúmọ́ ti di alágbe nìyẹn, kò ní lè dá dúró mọ́. Bó bá yá, á fi fasilíìnì pa ojú àti apá, á fọ́n lọ́fíńdà sí abíyá, á gbọn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó di kíláàsì. Rub and shine là ń pè é. Ẹ má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n o. Púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí ti rub, ẹ sì ti shine.

Mo rò nígbà náà pé ọ̀lẹ lásán ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ọdún mẹ́wàá lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, èmi náà di ẹni tó ń kọ kóòdù látinú ilé. Kámẹ́rà ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í kọjá àyà, kò sì tíì sí áàpù tó ń gbé òórùn ránṣẹ́. Ìyá mi, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tó bá ti di aago mẹ́wàá àárọ̀, fóònù á dún.

"Àkànní, ṣé o ti wẹ̀?"

"Ẹ káàárọ̀ o, Màámi. Mo wà nínú ìpàdé."

"Èmi ò bi ẹ́ ní ìpàdé. Mo ní ṣé o ti wẹ̀?"

Lọ́jọ́ kan ni mo pinnu pé n óò wá ọ̀rọ̀ tí n óò fi pa Màámi lẹ́nu mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn. Ohun tí mo rí níbẹ̀ yà mí lẹ́nu. Ààrẹ kò dá wà rárá. Àwọn ọba, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, àwọn ẹni mímọ́ àti àwọn dókítà ló wà lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn ló sì ní àlàyé. Àwọn kan pa mí lẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dé ibi àwọn kan, ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu.

Baba tí kò wẹ̀ fún ọgọ́ta ọdún

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún àwọn ọ̀tá omi ní ẹ̀rí wọn tó le jù. Ní abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Dezhgah, ní gúúsù ilẹ̀ Ìránì, baba kan wà tí ayé mọ̀ sí Amou Haji. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí baba yìí kò fi omi kan ara. Ó gbà pé tí òun bá wẹ̀, àìsàn á kọlu òun. Àwọn ará abúlé sọ títí, ó yarí. Nígbà tó di ọdún 2022, wọ́n rọ̀ ọ́ títí ó fi gbà, ó wẹ̀. Kò ju oṣù mélòó kan lọ lẹ́yìn ìyẹn, ó ṣàìsàn, ó sì kú ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Ẹni ọdún 94 ni.

Ká ní Ààrẹ gbọ́ ìtàn yìí nígbà náà, ì bá fi dupò ààrẹ lẹ́ẹ̀kejì, ì bá sì wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rò ó dáadáa. Ẹni ọdún 94 tó kú, ṣé omi ló pa á ni àbí 94 yẹn? Àwa tí à ń kọ kóòdù mọ irú àṣìṣe yìí. O yí nǹkan kékeré kan padà lọ́jọ́ Jímọ̀, gbogbo nǹkan dákú lọ́jọ́ Ajé, gbogbo ènìyàn á ní ìwọ lo fà á. Ìgbà míì ìwọ ni lóòótọ́. Ìgbà míì ẹ̀rọ náà ti ń kú lọ kó o tó dé ibẹ̀. Kí nǹkan kan tẹ̀lé òmíràn kò sọ pé òmíràn yẹn ló bí i.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí àṣìṣe yìí gan-an ló sọ omi di ọ̀tá fún odidi ilẹ̀ Yúróòpù.

Wọ́n ń wẹ̀ tẹ́lẹ̀ o

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò rí bẹ́ẹ̀: pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ làwọn òyìnbó kò ti mọ omi. Irọ́ ni. Àwọn ará Róòmù kọ́ ilé ìwẹ̀ tó tóbi ju ọjà lọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní ti Caracalla, tí wọ́n ṣí ní ọdún 216, ṣì wà ní ìlú Róòmù títí dòní, àwókù rẹ̀ nìkan tó láti mú ọrùn dun ẹni tó bá ń wòkè. Lẹ́yìn Róòmù náà, wọn ò fi omi sílẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ owó orí ìlú Paris ti ọdún 1292, ilé ìwẹ̀ gbogboògbò 26 ló wà níbẹ̀. Ẹ lè wẹ̀, ẹ lè jẹun, ẹ lè gé irun, ẹ sì lè ṣe àwọn nǹkan míì tí àwọn àlùfáà ò fẹ́ràn. Àwọn onílé ìwẹ̀ a máa kígbe kiri àdúgbò láàárọ̀ pé omi ti gbóná.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Àjàkálẹ̀ àrùn dé ní ọdún 1347 àti 1348, èyí tí wọ́n ń pè ní Ikú Dúdú. Ó pa ó kéré tán ìdá mẹ́ta àwọn ènìyàn Yúróòpù. Ọba Faransé, Philip Kẹfà, ní kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣègùn ní Yunifásítì Paris wádìí ohun tó fà á. Wọ́n jókòó, wọ́n kọ ìwé. Èsì wọn ni pé àwọn ìràwọ̀ ńlá mẹ́ta, Saturn, Jupiter àti Mars, pàdé lójú ọ̀run ní ọdún 1345, ìpàdé wọn ba afẹ́fẹ́ jẹ́, afẹ́fẹ́ burúkú yẹn ló ń wọ ara ènìyàn. Nítorí náà, ẹni tí ihò ara rẹ̀ bá ṣí sílẹ̀ jù ló wà nínú ewu jù. Kí ló sì ń ṣí ihò ara? Omi gbígbóná.

Ẹ rí i báyìí? Ara ènìyàn ni ilé, àwọn ihò wínníwínní tí òógùn ń gbà jáde ni fèrèsé. Tí o bá wẹ̀, o ti ṣí fèrèsé sílẹ̀ fún olè. Tí o kò bá wẹ̀, ìdọ̀tí á dí gbogbo ihò náà, ikú á dé ẹnu ọ̀nà, á rí i pé wọ́n ti ti ilẹ̀kùn, á bá tirẹ̀ lọ.

Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí i pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí kì í ṣe òmùgọ̀. Tí ẹ bá gbà pé afẹ́fẹ́ ló ń gbé àrùn náà, ohun tí wọ́n sọ tẹ̀léra dáadáa. Kóòdù wọn dára, ohun tí wọ́n kó sínú rẹ̀ ni kò dára. Àrùn yẹn kì í ṣe ti afẹ́fẹ́ lásán. Ọdún 1894 ni Alexandre Yersin tó rí kòkòrò àrùn náà ní Hong Kong. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá mọ̀ pé àwọn kòkòrò kéékèèké tó ń mu ẹ̀jẹ̀ lára eku ló ń gbé e fún ènìyàn. Irú àwọn kòkòrò bẹ́ẹ̀ sì fẹ́ràn ara ẹni tí kì í wẹ̀ àti aṣọ tí a kì í fọ̀. Ohun tí wọ́n ń sá fún ni wọ́n ń tọ́jú.

Ní nǹkan bí ọdún 1500 síwájú, ọ̀rọ̀ náà wá le sí i. Àrùn ìbálòpọ̀ tuntun kan ti dé, igi ìdáná ti wọ́n, àwọn àlùfáà sì ti ń bínú sí ilé ìwẹ̀ tipẹ́. Nígbà tí àjàkálẹ̀ bá ti bẹ́ sílẹ̀, ilé ìwẹ̀ ni ìjọba máa ń kọ́kọ́ tì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ọba Henry Kẹjọ ti àwọn ilé bẹ́ẹ̀ tó wà ní Southwark, ní òdìkejì odò London, pa ní ọdún 1546. Díẹ̀díẹ̀, omi gbígbóná di oògùn líle tí èèyàn kì í dédé lò láìbi dókítà.

Mínísítà tó wẹ̀

Ìtàn tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyí. Ní ọdún 1610, Ọba Henri Kẹrin ti Faransé ránṣẹ́ pe Sully, mínísítà tó ń ṣọ́ àpò owó ìlú. Ìránṣẹ́ dé ilé, ó bá ọ̀gá nínú omi, ó ń wẹ̀. Sully ní òun ń bọ̀, ó fẹ́ dìde. Ìránṣẹ́ yarí: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má jáde, ẹ má ṣe fi ẹ̀mí yín wéwu!" Ìránṣẹ́ padà lọ sọ fún ọba pé mínísítà ti wẹ̀. Ọba ò bínú. Ó pe dókítà ààfin. Dókítà ní ewu ni o, kí ọkùnrin náà má bọ́ síta. Ọba wá ránṣẹ́ pé kí Sully jókòó jẹ́ẹ́ sílé pẹ̀lú aṣọ àwọ̀sùn, fìlà òru àti bàtà inú ilé, òun ọba fúnra òun lóun máa wá kí i lọ́jọ́ kejì.

Ẹ rò ó wò. Tiyín bá wẹ̀, ọ̀gá ibiṣẹ́ yín á fún yín ní ìsinmi, á tún wá kí yín nílé. Ká ní mo mọ èyí nígbà tí mo ṣì ń lọ ọ́fíìsì ní gbogbo àárọ̀, mi ò bá wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́.

Ọba Henri ò pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn. Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún ọdún 1610 kan náà, ó wà nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, ó ń lọ kí Sully tí ara rẹ̀ ò yá, ni ọkùnrin kan fò mọ́ kẹ̀kẹ́ náà tó sì gún un lọ́bẹ pa. Mi ò sọ pé omi ló pa á o. Ẹ rántí ohun tí a sọ nípa Amou Haji.

Tí ẹ bá rò pé àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà yẹn gbọ́n ju ààfin lọ, ẹ wo Francis Bacon. Òun ni ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ ayé pé kí a máa fi ìdánwò àti ẹ̀rí ṣe ìmọ̀. Nínú ìwé kan tó kọ nípa ẹ̀mí gígùn, ní 1623, ó ṣàlàyé bí èèyàn ṣe lè wẹ̀ láìkú. Kọ́kọ́ fi òróró pa gbogbo ara, kí omi má bàa wọlé. Wá jókòó sínú omi fún wákàtí méjì. Tí o bá jáde, kí wọ́n fi aṣọ tí wọ́n ti fi òjíá àti oje igi olóòórùn dídùn pa wé ọ láti òkè délẹ̀, kí o wà nínú rẹ̀ fún wákàtí 24, kí ihò ara lè padé. Lẹ́yìn náà kí o tún fi òróró àti iyọ̀ para. Ẹ dákun, ta ló ráyè? Ẹni tó bá tẹ̀lé ìlànà yìí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló lè wẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ gba ìsinmi níbi iṣẹ́.

Ọba rub and shine

Kí ni wọ́n wá ń ṣe dípò ìwẹ̀? Wọ́n ń pààrọ̀ aṣọ. Aṣọ ọ̀gbọ̀ funfun, ọ̀gbọ̀ inú Bíbélì yẹn gan-an, ni wọ́n máa ń wọ̀ sábẹ́. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ọ̀gbọ̀ máa ń fa ìdọ̀tí jáde lára, nítorí náà tí o bá ti pààrọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì, o ti wẹ̀ nìyẹn. Ní 1624, òǹkọ̀wé kan ní Faransé, Louis Savot, kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ará àtijọ́ nílò ilé ìwẹ̀ torí wọn ò ní ọ̀gbọ̀, ṣùgbọ́n àwa ti ọ̀làjú dé bá, kí la fẹ́ fi ìwẹ̀ ṣe? Ẹ gbọ́ o: wọ́n pe àìwẹ̀ ní ìlọsíwájú.

Èyí ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ Ọba Louis Kẹrìnlá, ọba tó kọ́ ààfin Versailles. Ìtàn tó gbòde ni pé ẹ̀ẹ̀méjì péré ló wẹ̀ láyé rẹ̀. Ẹ má gbà á gbọ́. Ó ní odidi àwọn yàrá ìwẹ̀ nísàlẹ̀ ààfin Versailles, pẹ̀lú ọpọ́n ìwẹ̀ ńlá tí wọ́n fi òkúta mábù gbẹ́. Ṣùgbọ́n láàárọ̀, ìlànà ààfin kò ní omi nínú tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fi aṣọ tí wọ́n rẹ sínú ọtí olóòórùn dídùn nu ọwọ́ àti ojú rẹ̀, wọ́n á nu ara rẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sì lè pààrọ̀ rẹ̀ nígbà mélòó kan kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà kan tí àwọn dókítà ní kó wẹ̀ nítorí àìlera, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, wọ́n sáré dá a dúró.

Lọ́fíńdà, aṣọ mímọ́, ojú tó ń dán. Àbí kí ni Ààrẹ ń ṣe ní yàrá wa? Ọba Faransé ni rub and shine ti bẹ̀rẹ̀! Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ò ju pé ẹnìkan ní ààfin, ẹnìkejì ní bẹ́ẹ̀dì òkè.

Ibi tí ẹ̀rín ti tán

Àwọn kan tún wà tí kì í ṣe ìlera ni wọ́n fi dí omi lọ́wọ́, ìgbàgbọ́ ni. Ní ọ̀rúndún kẹrin, ẹni mímọ́ Jerome kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pé ẹni tí a bá ti wẹ̀ nínú Kristi kò nílò kó tún ara wẹ̀. Bí ẹ bá ní kí n sọ ọ́ lédè ilé wa: mo ti ṣe ìrìbọmi, ẹ fi mí sílẹ̀.

A lè rẹ́rìn-ín sí lẹ́tà yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí irú èrò bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ ìjọba, ọ̀rọ̀ á yí padà. Ní 1492, Ferdinand àti Isabella ti Sípéènì gba ìlú Granada lọ́wọ́ ọba Mùsùlùmí tó kẹ́yìn níbẹ̀. Láìpẹ́, wọ́n fi tipátipá sọ àwọn Mùsùlùmí ìlú náà di Kristẹni. Àwọn yìí àti àwọn ọmọ wọn ni wọ́n ń pè ní Morisco. Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ ẹni tó ṣì ń ṣe Ìsìláàmù ní kọ̀rọ̀? Wọ́n ń ṣọ́ ẹni tó ń wẹ̀. Ní ilé ẹjọ́ ìjọ, aládùúgbò lè wá jẹ́rìí pé òun rí lágbájá tó ń fọ ọwọ́, apá àti ẹsẹ̀, ìyẹn sì tó láti fi ẹ̀sùn kàn án. Níbi tí àwa ti ń fi àìwẹ̀ bú ènìyàn, ìwẹ̀ ni wọ́n fi ń mú ènìyàn níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1567, wọ́n kéde òfin Ọba Philip Kejì ní Granada: ẹ ò gbọdọ̀ sọ èdè Lárúbáwá mọ́, ẹ ò gbọdọ̀ wọ aṣọ ìbílẹ̀ yín, ẹ ò sì gbọdọ̀ lo ilé ìwẹ̀ mọ́. Àgbàlagbà kan láàárín àwọn Morisco, Francisco Núñez Muley, kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí àwọn aláṣẹ. Ó fara balẹ̀ bá wọn rò ó. Ó ní ìmọ́tótó ni ilé ìwẹ̀ wà fún, kì í ṣe ẹ̀sìn. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ ṣe ẹ̀sìn ní kọ̀rọ̀ kò ní lọ ṣe é níbi tí èrò pọ̀ sí, tí Kristẹni sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ baba yìí mọ́gbọ́n dání pátápátá. Wọn ò gbọ́.

Ní ìparí ọdún 1568, àwọn Morisco dìde ogun lórí àwọn òkè Alpujarras. Ogun náà jà títí di 1571. Nígbà tó parí, wọ́n kó àwọn Morisco Granada kúrò nílé, wọ́n fọ́n wọn ká Castile. Láàárín 1609 sí 1614, wọ́n lé gbogbo Morisco kúrò ní Sípéènì, nǹkan bí 300,000 ènìyàn. Kì í ṣe omi nìkan ló fà á, ẹ jọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n omi wà nínú ẹ̀sùn náà.

Ìgbà tí mo ka ibí yìí tán, mo dìde nídìí kọ̀ǹpútà. Mo rántí gbogbo ìgbà tí a ti fi òórùn ara bú ẹ̀yà míì, tí a ní àwọn báyìí-báyìí kì í wẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwẹ̀ kì í pẹ́ di ọ̀rọ̀ ta ni ènìyàn àti ta ni kì í ṣe ènìyàn.

Ọwọ́ dókítà

Àlàyé tó burú jù nínú gbogbo àlàyé kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìlú Vienna ni, ọdún 1847. Ilé ìwòsàn ńlá ibẹ̀ ní wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí méjì. Àwọn dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ló ń gbẹ̀bí ní àkọ́kọ́. Àwọn agbẹ̀bí ló wà ní ìkejì. Ní wọ́ọ̀dù àwọn dókítà, ibà tí ń pa ìyá ọlọ́mọ tuntun ń pa nǹkan bí 10 nínú 100 obìnrin. Ní ti àwọn agbẹ̀bí, kò tó 4. Gbogbo ìlú mọ̀. Àwọn aboyún a máa kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má gbé àwọn lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn dókítà.

Dókítà ọ̀dọ́ kan, Ignaz Semmelweis, kò lè sùn nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kẹta ọdún náà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Jakob Kolletschka, kú lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣèèṣì fi ọ̀bẹ gé e níbi tí wọ́n ti ń tú òkú wò. Ohun tó pa á jọ ohun tó ń pa àwọn ìyá. Semmelweis wá rí i: àwọn dókítà ń ti yàrá òkú bọ̀ wá gbẹ̀bí tààrà. Àwọn agbẹ̀bí kì í tú òkú. Ó ní kí gbogbo ènìyàn máa fi omi kiloráìnì, ọmọ ìyá bulíìṣì, fọ ọwọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan obìnrin. Ní oṣù kẹrin, nǹkan bí 18 nínú 100 ló kú. Ní oṣù kẹfà, ó ti já wálẹ̀ sí bíi 2.

Ẹ rò pé wọ́n dì mọ́ ọn, wọ́n ń jó? Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀gá bínú. Àlàyé rẹ̀ túmọ̀ sí pé ọwọ́ àwọn gan-an ló ti ń pa àwọn obìnrin wọ̀nyẹn. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí irú ọ̀rọ̀ yìí délẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n ìgbẹ̀bí kan ní Philadelphia, Charles Meigs, ní ọmọlúàbí ni dókítà, ọwọ́ ọmọlúàbí sì mọ́. Ó tán. Ẹ̀rí òun nìyẹn. Semmelweis kú ní 1865 nílé àwọn alárùn ọpọlọ, ẹni ọdún 47. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, wọ́n ní ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Òtítọ́ bá a lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ìyá wọ̀nyẹn ló wà láyé láti rí ọjọ́ náà?

Ọṣẹ tó padà wálé

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹyọ kan tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n kún un. Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, Yúróòpù ti bá omi làjà. Wọ́n ti mọ kòkòrò àrùn, wọ́n ti fa omi ẹ̀rọ sílé, ọṣẹ wá di ọjà ńlá. Kí ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ náà? Epo. Epo pupa tó ń ti etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wọ Liverpool, Èkó wà lára ibi tó ti ń lọ. Ìyá àgbà tó ń po epo ní abúlé ò mọ̀ pé òyìnbó kan níbì kan fẹ́ fi wẹ̀.

Ní 1899, ilé iṣẹ́ ọṣẹ Pears ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìpolówó kan jáde: òyìnbó ológun ojú omi kan ń fọ ọwọ́, ní igun kan, òyìnbó míì ń na ọṣẹ sí ẹni tó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ ni pé ẹrù òyìnbó ni láti fi ìmọ́tótó kọ́ àwọn ènìyàn tí ọ̀làjú ò tíì dé bá. Nígbà tó sì di 1923, ilé iṣẹ́ Lever dé Nàìjíríà láti ṣe ọṣẹ tà fún wa.

Ta ni wọ́n ń kọ́? Àwọn tó ń fi eérú eèpo kòkó àti adín se ọṣẹ dúdú? Àwọn tó ní kànìnkànìn, tí wọ́n ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ ọmọ tuntun, tí wọ́n ń nà án lápá lẹ́sẹ̀ títí ọmọ á fi sùn fọnfọn? Ọba wọn ń fi ọtí nu ojú nígbà kan rí. Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwa ò dọ̀tí rí. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó bá gbàgbé ìtàn ara rẹ̀ kì í pẹ́ di olùkọ́ni lórí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ lánàá.

Ààrẹ òde òní

Ọ̀rọ̀ yìí ò tíì parí. Ní 2020, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, James Hamblin, gbé ìwé jáde lórí bí òun ṣe fi ìwẹ̀ ojoojúmọ́ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ṣàlàyé pé àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí ń gbé lórí awọ ara wa, púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọ̀tá, àti pé ọṣẹ púpọ̀ máa ń ba òróró ara jẹ́. Òótọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi omi gbígbóná àti ọṣẹ líle bó ara ní ìgbà mẹ́ta lóòjọ́ nígbà ọyẹ́, awọ rẹ̀ á sọ fún un.

Mo ti fẹ́ẹ́ dì mọ́ ìwé yẹn. Mo ti rí ohun tí n óò sọ fún Màámi. Ṣùgbọ́n mo tún kà á síwájú: Hamblin fi ìwẹ̀ sílẹ̀, kò fi ọwọ́ fífọ̀ sílẹ̀. Ó ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀. Dókítà ni, ó mọ ìtàn Vienna.

Lọ́jọ́ kejì, fóònù dún ní aago mẹ́wàá.

"Àkànní, ṣé o ti wẹ̀?"

Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti gbọ́ orúkọ Semmelweis rí?"

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Ọdún àkọ́kọ́ nílé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti kọ́ wa." Wọ́n wá sọ fún mi nípa ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí omi ẹ̀rọ kì í yọ ní wọ́ọ̀dù. Wọ́n á gbé garawa lọ sí kànga ní òru, wọ́n á sè é, wọ́n á fi fọ ọwọ́ kí wọ́n tó gbẹ̀bí. Tí obìnrin mẹ́ta bá ń rọbí lóru kan, wọ́n á lọ sí kànga lẹ́ẹ̀mẹta. Mo rántí ọwọ́ wọn. Ó máa ń le, ó máa ń sán bí ilẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mi ò fẹ́ kí wọ́n fi pa mí lójú, mo ní ó ń họ mí. Mi ò mọ̀ pé ọwọ́ tó ń họ mí yẹn ni àwọn ìyá kan fi délé pẹ̀lú ọmọ wọn.

Àwọn baba wa ní omi kò lọ́tàá. Mo ti kà á káàkiri, mo ti rí i pé ó lọ́tàá: ọba, ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹni mímọ́, gbogbo wọn pẹ̀lú àlàyé tó dùn létí. Ààrẹ náà wà lára wọn, àmọ́ mo gbọ́ pé òun ló ń lé àwọn ọmọ rẹ̀ wọ balùwẹ̀ láràárọ̀ báyìí.

"Ìwọ ò tíì dá mi lóhùn o," Màámi ní. "Ṣé o ti wẹ̀?"

"Mo ń lọ báyìí, Màámi."

"Fọ ẹ̀yìn etí ẹ."